Go Tell It on the Mountain: ìwé tó jẹ́ kí n pe ìyá mi ní Kaduna

Àlòkù ni ẹ̀dà tí mo rà. 3,500 náírà ni mo san fún un lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó máa ń tẹ́ ìwé sórí ọ̀rá lẹ́bàá títì ní Wuse. Ẹ̀yìn ìwé náà ti fẹ́ẹ́ já. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti fi bíírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn púpọ̀ nínú apá kìíní, ìlà náà sì dáwọ́ dúró níbi tí apá kejì ti bẹ̀rẹ̀. Kò tún sí ìlà kankan mọ́ títí dé ẹ̀yìn. Ó dà bíi pé ibẹ̀ ló ti pa á dé. Ó dùn mí fún un, torí ibẹ̀ gan-an ni ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó ní lọ́kàn.

James Baldwin ló kọ ọ́. Ọdún 1953 ló jáde ní Amẹ́ríkà, òun sì ni ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ tí Baldwin gbé jáde. Àròsọ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ilé tirẹ̀ ló ti bu omi tó fi pò ó. Harlem ní New York ni wọ́n ti bí Baldwin, ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ ọdún 1924. Ìyá rẹ̀ ti bí i kó tó fẹ́ ọkùnrin oníwàásù kan, wọ́n sì tún bí ọmọ mẹ́jọ lé e. Oníwàásù yìí le koko, kò fẹ́ràn ọmọ tó bá nílé. Nígbà tí Baldwin pé ọmọ ọdún 14, òun náà di àtúnbí, ó gun orí pẹpẹ, ó ń wàásù títí ó fi pé ọmọ ọdún 17. John Grimes inú ìwé náà pé ọmọ ọdún 14, Gabriel tó ń pè ní bàbá kì í ṣe bàbá tó bí i, ọmọ náà kò sì mọ̀.

Mi ò lè sọ̀rọ̀ ìwé yìí láìmú ilé wa mọ́ ọn. Kakuri ní Kaduna ni mo dàgbà sí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Láàárín ọ̀sẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Tó bá di ọjọ́ Sunday, ajíhìnrere ni, nínú ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù àgbàdo tẹ́lẹ̀. A kun ilé náà, a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì síwájú pẹpẹ, síbẹ̀ bí òjò bá ti rọ̀, òórùn àgbàdo a tún jáde lára ògiri. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la máa ń gbá a, tí a ń nu bẹ́ǹṣì, tí a ń to ìwé orin. Nígbà tí mo dé ibi tí John àti Elisha ti ń tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe lálẹ́ Sátidé kí àwọn àgbà tó dé, nínú ilé tí wọ́n sọ di ilé Ọlọ́run bíi tiwa, mo pa ìwé náà dé sórí ẹsẹ̀ mi nínú mọ́tò. Nyanya la wà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dá wa dúró, mo sì ń wo ojú fèrèsé. Láti ibẹ̀ sí Mararaba, mo ka irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ mọ́kànlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Ọjọ́ kan péré ni ìtàn náà gbà: Sátidé kan nínú oṣù Kẹta ọdún 1935, títí ilẹ̀ ọjọ́ Sunday fi mọ́. John jí, ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni, ó sì dà bíi pé kò sẹ́ni tó rántí. Gbogbo èèyàn ti gbà pé oníwàásù ni yóò dà bíi bàbá rẹ̀, àfi òun nìkan ni kò mọ ohun tí òun yóò dà. Wọ́n ní kó gbá pálọ̀. Baldwin lo àkókò lórí gbígbálẹ̀ yìí gan-an: eruku tó ń fò sókè tó sì tún ń padà wá balẹ̀ síbi tí ọmọ náà ti gbá kúrò. Ẹni tó bá ti gbálẹ̀ nígbà ọyẹ́ ní Kaduna rí ni mo fẹ́ kó ka ojú ìwé yẹn. Kò sí ibi tó ti sọ pé ayé sú ọmọ náà, ìgbálẹ̀ ló gbé lé e lọ́wọ́.

Ìyá rẹ̀ rántí nígbẹ̀yìn, ó fún un ní owó díẹ̀ pé kó lọ ra ohun tó bá wù ú. Ọmọ náà lọ sí Central Park, ó sáré gun òkè kan níbẹ̀, ó ń wo ìlú nísàlẹ̀ bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ló sọ̀ kalẹ̀, ó kọjá níwájú ilé ìkàwé ńlá tó wà ní Fifth Avenue, ilé tí kò wọ̀ rí. Ẹ̀rù ń bà á pé òun yóò sọnù nínú rẹ̀, pé àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀ yóò rí i lójú òun pé irú ilé bẹ́ẹ̀ kò mọ́ òun lára. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Abuja, iye ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ilé onígíláàsì ní Central Area tí mo sì yí padà, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n. N kò mọ̀ pé ẹnì kan ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tó fi máa padà délé, wọ́n ti fi ọ̀bẹ ya àbúrò rẹ̀, Roy, lójú. Roy àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló lọ wá ìjà lọ sí àdúgbò àwọn òyìnbó. Lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 2000 ní Kaduna, odò tó la ìlú já di ààlà láàárín àwa àti àwọn ará òdìkejì, ìyá mi a sì máa búra pé ẹni tó bá sọdá afárá náà láìsọ fún òun, kó má padà wálé. Mo mọ irú ariwo tó wà nínú ilé àwọn Grimes lọ́jọ́ náà. Gabriel gbá ìyàwó rẹ̀ létí. Roy bú u. Ó fa bẹ́líìtì yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í na ọmọ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, àfìgbà tí Florence, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, di bẹ́líìtì náà mú láti ẹ̀yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi jẹ irú bẹ́líìtì yẹn. Ọmọ ọdún méjìlá ni, Whot ló ń ta pẹ̀lú àwọn ọmọ àdúgbò, ẹ̀pà ni wọ́n fi ń ta á, kì í tiẹ̀ ṣe owó. Bàbá mi nà án títí aládùúgbò wa, ará Zaria, fi wọlé wá bẹ̀ ẹ́. Fún ọgbọ̀n ọdún, ohun tí mo gbà ni pé Bíbélì ló mú un ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí bíírò pupa ti dáwọ́ dúró rèé. Apá kejì ń jẹ́ «Àdúrà àwọn ènìyàn mímọ́» tí a bá pè é ní Yorùbá. Alẹ́ ti lẹ́, wọ́n ti kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, orin ń lọ. Baldwin wá fi John sílẹ̀ níbẹ̀, ó wọ inú ọkàn àwọn àgbà mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan: Florence, Gabriel, àti Elizabeth tó jẹ́ ìyá John. Ọ̀pọ̀ ọdún ló kó sínú kíkúnlẹ̀ kan ṣoṣo. Kò sí àkíyèsí pé a ti kúrò ní Harlem, a ti dé apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn tó ti ṣẹrú rí ṣì wà láyé. Tí o kò bá fọkàn sí i, wàá sọnù. Mo sọnù lẹ́ẹ̀mejì. Mo padà sẹ́yìn, mo tún un kà, kò sì dùn mí pé mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Florence ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn. Nínú ilé wọn, nítorí pé Gabriel jẹ́ ọkùnrin, òun ló ni ẹran, òun ló ni aṣọ, òun ni wọ́n ní kó lọ kàwé. Florence ló ń fẹ́ ìwé náà, Gabriel kò tiẹ̀ bìkítà. Ní ọdún 1900, nígbà tó pé ọmọ ọdún 26, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ dágbére fún ìyá rẹ̀ lórí ibùsùn àìsàn, ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí New York. Ìyá náà kò ní í yè, òun náà mọ̀. Mo mọ obìnrin tó ju mẹ́wàá lọ ní Abuja yìí tí ìtàn wọn kò jìnnà síyẹn, tí wọ́n jáde nílé pẹ̀lú báàgì kan torí pé owó ilé ìwé ti tán sórí àbúrò wọn ọkùnrin. Baldwin kò yìn ín, kò bú u. Ó jẹ́ kó kúnlẹ̀ pẹ̀lú àìsàn tó ń jẹ ẹ́ lára, pẹ̀lú ìbẹ̀rù ikú, àti pẹ̀lú lẹ́tà kan nínú àpò rẹ̀ tó ti ń gbé kiri láti ọdún pípẹ́.

Ohun tó wà nínú lẹ́tà yẹn ni orí Gabriel ń sọ, orí yẹn ló sì mú mi sọ fún yín pé kí ẹ ra ìwé yìí. Kí Gabriel tó di oníwàásù, ọ̀mùtí ni, oníṣekúṣe ni. Ó di àtúnbí, ó wàásù ní ìsọjí ńlá láàárín àwọn àgbà oníwàásù mẹ́rìnlélógún, ó fẹ́ Deborah, obìnrin tí àwọn òyìnbó ti fipá bá lò pọ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 16. Gbogbo ìlú ń yìn ín. Lẹ́yìn náà ló bá ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Esther lò pọ̀, Esther lóyún, ó jí owó tí Deborah ń tọ́jú, ó fi í rán Esther lọ sí Chicago. Esther kú lẹ́yìn tó bí Royal. Ọmọ náà padà wá dàgbà sójú bàbá rẹ̀ ní ìlú náà, wọ́n ń kí ara wọn lójú ọ̀nà, Gabriel kò sì lè là á lẹ́nu pé òun ni òun bí i. Wọ́n gún Royal pa. Deborah ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìbéèrè kan tó bi Gabriel nígbà náà nìkan tó fún gbogbo ìwé: kí ló dé tí kò sọ fún òun, òun ì bá ti bá a tọ́ ọmọ náà.

Mo retí pé n óò kórìíra Gabriel sí i lẹ́yìn tí mo bá kà á. Mi ò lè sọ pé mo dárí jì í, torí ó ṣèlérí fún Elizabeth pé òun yóò fẹ́ràn John bí ọmọ òun, kò sì ṣe é. Ṣùgbọ́n Baldwin jẹ́ kí n rí i pé ẹni tó ń fi bẹ́líìtì na Roy ń na ẹnì kan tí kò sí nínú yàrá náà.

Níbi orí Elizabeth ni ẹ̀dà mi ti já mi kulẹ̀. Ojú ìwé mẹ́rìndínlógún kò sí nínú rẹ̀. Richard, bàbá tó bí John gan-an, ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ràn ìwé ju oúnjẹ lọ, àwọn ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un fún olè tí kò jà ni, mo ṣí ojú ìwé, mo bá ara mi níbòmíì. Mo padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi. «Madam, haka na same shi», bẹ́ẹ̀ ló ṣe bá a, kò sì fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń ra àlòkù, ẹ ka nọ́ńbà ojú ìwé kí ẹ tó sanwó. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dúró kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Gwarinpa tó bá mi mú ẹ̀dà tirẹ̀ wá. Mo ṣe fọ́tókọ́pì ibi tó sọnù, mo fi òòlẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Richard sílẹ̀, ó gbẹ̀mí ara rẹ̀, kò sì mọ̀ pé Elizabeth ti lóyún. Mo ka ibẹ̀ tán, mi ò lè dáná lálẹ́ ọjọ́ náà.

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ńkọ́? Ó le díẹ̀, kì í ṣe torí ọ̀rọ̀ ńlá. Gbólóhùn rẹ̀ gùn, inú Bíbélì àtijọ́ ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni Bíbélì Mímọ́ ti ìyá mi tó wà nílé. Níbi tí Florence ti ń gbọ́ ohùn tó ń sọ fún un pé kó tún ilé rẹ̀ ṣe torí yóò kú, mo ṣí Aísáyà 38, mo bá «Palẹ̀ ilé rẹ mọ́» níbẹ̀, gbogbo ìbẹ̀rù tó wà nínú orí náà sì wọ̀ mí lára lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ apá kẹta, Bíbélì Yorùbá pè é ní «ilẹ̀ ìpakà», ibi tí wọ́n ti ń ya ọkà sọ́tọ̀ kúrò lára ìyàngbò. Ẹni tó bá ti fi Yorùbá ka Bíbélì láti kékeré ti mọ ohùn ìwé yìí kó tó ṣí i. Àkọlé rẹ̀ náà, tí ẹ bá gbọ́ «orí òkè», ẹ má rò ó mọ́ òkè àdúrà tiwa. Orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà láti ayé ẹrú ni, ó ní kí wọ́n lọ kéde lórí òkè pé a bí Jésù.

Apá kẹta yìí, John ṣubú síwájú pẹpẹ, gbogbo òru ló wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ń rí ìran, òkùnkùn, isà òkú, ohùn bàbá rẹ̀. Mo ti rí àwọn èèyàn tó ṣubú báyẹn ní ìsọ́ òru, mi ò tíì rí ẹni tó wọ inú rẹ̀ lọ láti sọ ohun tó wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ó gùn jù. Ìran náà ń yí padà lórí ara rẹ̀, nígbà tó yá mo ń fojú fò ó. Ẹ̀sùn mi kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Esther kò ní àdúrà tirẹ̀. Deborah náà kò ní. Ojú Gabriel la fi rí àwọn obìnrin méjèèjì tó bà jẹ́ jù, Esther sì jẹ́ ẹni tó ń sọ òótọ́ sí i lójú nígbà tí ìlú ń dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tó rò nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Chicago.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa rí ìwé náà lọ́wọ́ mi, mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un, ó bi mí pé: «Ìyá Ìbejì, ṣé kì í ṣe ìwé tó ń gbógun ti ìgbàgbọ́ nìyẹn?» Mo ní rárá mà. Ayọ̀ tí John rí nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ayọ̀ gidi ni, Baldwin kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Elisha fi ẹnu ko iwájú orí rẹ̀, àwọn ìyá ìjọ ń sunkún. Gabriel nìkan ni kò rẹ́rìn-ín sí i. Ohun tó ń dún mọ́ mi nínú ni pé ẹni tó kọ ayọ̀ náà ti kúrò lórí pẹpẹ láti ọmọ ọdún 17. Ó mọ̀ pé ayọ̀ yẹn kò ní í tó fún ọmọ náà, kò sì sọ ọ́, ó fi í sílẹ̀ fún John kó máa yọ̀ lọ́jọ́ tirẹ̀.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́wàá tí Baldwin fi kọ ọ́. Ọkọ ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1943, ọjọ́ tí Baldwin pé ọmọ ọdún 19 ni wọ́n sin ín. Ní 1948 ó fò lọ sí Paris pẹ̀lú 40 dọ́là lọ́wọ́. Abúlé kan lórí òkè yìnyín ní Switzerland ló ti wá parí rẹ̀, níbi tí àwọn ọmọdé kò ti rí aláwọ̀ dúdú rí, tó ń fi àwo orin Bessie Smith rántí ohùn ilé. Ó lè jẹ́ pé jíjìnnà yẹn ló jẹ́ kó lè yíjú sí bàbá náà. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ló fi ìwé náà jì.

Ní ọjọ́ Sunday tí mo parí rẹ̀, mo pe ìyá mi ní Kaduna. Ọdún kẹsàn-án rèé tí bàbá mi ti kú.

«Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, irú èèyàn wo ni Dádì kí wọ́n tó di ajíhìnrere?»

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. «Ṣé ẹnì kan bá ọ sọ nǹkan ni?»

«Rárá mà. Ìwé kan ni mo kà.»

«Ìwé wo ló dárúkọ bàbá rẹ?»

Mo ṣàlàyé. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, wọ́n wá sọ fún mi pé Kano ni bàbá mi kọ́kọ́ gbé, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní Sabon Gari. Tẹ́tẹ́ ló ń ta níbẹ̀, pẹ̀lú káàdì. Lọ́jọ́ kan ó fi kẹ̀kẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ń kó ọjà ta á, wọ́n jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lé e jáde, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ìyá mi ní, «Kò fẹ́ kí ẹ gbọ́. Èmi náà kò fẹ́.» Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè bóyá àwọn ọmọ ti jẹun.

Tí ẹ bá ti dàgbà nílé pásítọ̀, tàbí nílé ààfáà tó le, ẹ rà á. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́rìndínlógún, ìfipábánilòpọ̀ àti ìpànìyàn wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà ẹ̀dà àlòkù mi kéré. Ẹni tí ojú bá ń dùn, kó kà á lórí fóònù, kó fa lẹ́tà rẹ̀ tóbi.

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Jos báyìí. Ó gbọ́ pé mo ń sọ̀rọ̀ ìwé kan ṣáá, ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí òun. Mo ti fi ọ̀rá wé e, mo gbé e fún dírẹ́bà kan ní gáréèjì láàárọ̀ àná, fọ́tókọ́pì ojú ìwé mẹ́rìndínlógún náà sì wà nínú rẹ̀. Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ fún un. Mo ní kó pè mí tó bá ti ka orí Gabriel tán.